Àpótí Káàdì Alhaji Nùrúdíìnì Tó Pòórá Lọ́jọ́ Fídáù

"Lọ́jọ́ tí ìyá mi bí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, káàdì baseball ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi nígbà tí mo jáde. Agbẹ̀bí fẹ́ gbà á. Mo ní, 'Màmá, ẹ rọra o, ẹ má tẹ igun rẹ̀.'"

Akínṣọlá ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú àga tìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé Làdíátù ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ra ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá ń sanra ni, irọ́ ọkùnrin yìí nìkan ì bá ti ya ògiri ilé náà sí méjì. Ó ní kò sí káàdì kan ní gbogbo Texas tí òun kì í fi imú lásán mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní òun ta ẹyọ kan ṣoṣo, òun fi ra ilé ní Cinco Ranch, àwọn òyìnbó àdúgbò ibẹ̀ ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí òun láàárọ̀.

"Ilé wo ní Cinco Ranch, Bọ̀dá Akínṣọlá?" Ramlat bi í.

"Mo ti fi í ta ọrẹ."

Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Ramlat ń ṣe. Àwọn lọ́ọ́yà ló sábà máa ń rán an: ẹni tó ní mọ́tò gbá òun níbi tí mọ́tò ò dé, ọkọ tó ní òun wà níbi iṣẹ́ tí ibi iṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ará mọ́sáláṣí máa ń sọ pé tí èèrà bá ń ro èrò burúkú nínú ihò rẹ̀, Ramlat á ti mọ̀ kó tó jáde. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́ púpọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọkàn òun gan-an wúwo. Ilé ọ̀fọ̀ ni wọ́n wà. Alhaji Nùrúdíìnì, ọkọ Làdíátù, ti kú, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣe fídáù rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, òjò Houston tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò máa lọ sílé. Títì iwájú ilé ti di odò, àwọn mọ́tò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sì ń wò bí ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ohun tó gbé Ramlat débẹ̀ ni àpótí káàdì olóògbé. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni káàdì baseball, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Àwòrán eléré ìdárayá wà níwájú rẹ̀, ìtàn bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn. Láti ìgbà tí Alhaji ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Houston ló ti ń ra àwọn àtijọ́ nínú wọn, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó kú, Làdíátù ní kí Akínṣọlá bá òun wo iye tó lè jẹ́, nítorí ẹnu Akínṣọlá ni gbogbo ayé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì. Akínṣọlá wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ohun tó wà nínú àpótí yẹn lè ra ilé méjì àti àdúgbò tó wà láàárín wọn. Ọjọ́ fídáù dé, èrò kún ilé. Nígbà tí wọ́n tú ká, àpótí ò sí lórí pẹpẹ mọ́.

Ọlọ́pàá méjì ti wá láàárọ̀, wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì ti lọ.

"Ramlat, n kò pè ọ́ kó o wá bá mi wá olè," Làdíátù sọ. Ojú rẹ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ sì ti há. "Mo mọ olè. Ibi tó gbé e pamọ́ sí ni kó o bá mi wá. Adnan ni. Ọ̀la, tí a bá ti kírun Aláásárì tán, kó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi."

"Kó lọ síbo, Alhaja?"

"Ibi tí olè ń lọ."

Adnan ni ọmọ tí Alhaji bí sí Ìwó nígbà tó lọ sílé lọ́dún kan. Àìpẹ́ yìí ló mú un wá sí Houston. Ọmọkùnrin náà ò mọ ẹnì kankan ní Amẹ́ríkà ju baba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ lọ. Bó bá jáde nílé yẹn lọ́la, orúkọ olè ni yóò máa fi wá ibi tí yóò sùn, kò sì sí ilẹ̀kùn tí orúkọ yẹn ń ṣí.

"Ẹ ṣe sùúrù, Làdí," ni Engineer Olúdọ̀tun sọ. Òun àti olóògbé ni wọ́n jọ ka ìwé ní yunifásítì, The Woodlands, lápá kejì Houston, ló ń gbé báyìí, inú òjò yìí náà ló sì gbà wá kí opó. Akínṣọlá ti dìde kí òun náà tó jókòó sí àga tìmùtìmù yẹn, nítorí àga náà nìkan ni kì í dun ẹ̀yìn.

"Sùúrù ti tán," Làdíátù dáhùn.

*

Inú gáréèjì ni Adnan wà. Láti ìgbà tí àpótí ti sọnù, Làdíátù ò jẹ́ kó tẹ pálọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí páálí omi, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Ramlat, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Dìde. Wọ́n ní o wọ yàrá baba ẹ lọ́jọ́ fídáù."

"Mo wọ̀ ọ́, ma."

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

Òjò ń lu ilẹ̀kùn páànù bí ẹni tó fẹ́ wọlé ní tipátipá.

"Jalámíà wọn ni mo lọ gbóòórùn."

"Kí lo wí?"

"Orí fóònù ni mo ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, Àǹtí. Mo mọ ohùn wọn, mo mọ ojú wọn. Oṣù díẹ̀ péré la jọ gbé. Mo fẹ́ mọ òórùn wọn dáadáa kí wọ́n tó fọ aṣọ náà."

Ramlat gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti rí olè tó sunkún, ó ti rí olè tó bá a wá ohun tí òun fúnra rẹ̀ jí, ó tiẹ̀ rí èyí tó bú u pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì rí èyí tó lọ jí òórùn.

"Káàdì yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń pè mí jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń tò ó. Wọ́n á ju obì sẹ́nu, wọ́n á máa ka orúkọ. Obì yẹn ni Alhaja máa ń bá wọn jà sí. Àtàǹpàkò wọn á pọ́n, wọ́n á sì fi kan gbogbo páálí. Èmi ò mọ baseball, ma. Orúkọ àwọn èèyàn yẹn ni mo mọ̀. Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Wendell Prugh, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọdún kan péré ló fi ju bọ́ọ̀lù, gbogbo ayé ló sì ń lu bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní torí pé ó ń padà wá lọ́jọ́ kejì."

Ramlat fẹ́ jáde, Adnan tún pè é padà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí, lọ́jọ́ fídáù, mo rí Engineer tí wọ́n gbé páálí kan sí búùtù mọ́tò wọn. Wọ́n fi aṣọ bò ó. N kò lè sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn. Àgbà ni wọ́n."

*

Àwọn àlejò ti lọ nígbà tí Ramlat padà sí pálọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ àga tìmùtìmù, nǹkan kan gún un níka. Rọ́bà ni, ó mọ́ gaara bí omi, ó rí kọ́rọ́dọ́ bí oṣù tuntun. Ó le. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e, sísọ́ọ̀sì náà sì ti yẹ̀ níbì kan, ó fi eyín kékeré sí etí rẹ̀.

"Alhaja, ìgbà wo lẹ fi ẹ̀rọ gbá ibí yìí?"

"Láàárọ̀, nígbà tí ọlọ́pàá lọ tán. Mo gbé gbogbo àga kúrò nílẹ̀. Kí ló dé?"

"Ta ló ti jókòó síbí láti ìgbà náà?"

"Akínṣọlá. Lẹ́yìn náà, Engineer. Ìwọ alára rí wọn. Rọ́bà ara káàdì ni ìyẹn. Ọmọ yẹn ló já a."

"Ẹ ti lé ọmọ yẹn sí gáréèjì láti àná."

Làdíátù gba rọ́bà náà, ó yí i wò, ó dá a padà fún un.

Ramlat wọ mọ́tò rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà Olúdọ̀tun.

"Engineer, páálí wo lẹ gbé sí búùtù lọ́jọ́ fídáù?"

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ramlat, ṣé ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Kò sí níbí, sà."

"Búra."

"Wallahi."

"Ẹran díndín ni. Dọ́kítà kọ̀ ọ́ fún mi, ìyàwó mi sì kọ̀ ọ́ ju dọ́kítà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní Missouri City, mo parí rẹ̀ ní The Woodlands. Gbogbo ojú ọ̀nà freeway ni mo ṣí wíńdò kí òórùn lè jáde, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Egungun rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga mọ́tò mi. Ṣé kí n gbé e wá kó o wò ó?"

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́ tí wọ́n fi epo dín. Ramlat kọrí sí ọjà àlòkù tí Alhaji ti máa ń ra káàdì.

*

Darlene ni orúkọ ìyá òyìnbó tó ń ta káàdì níbẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, gíláàsì rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè rí ọ̀la nínú rẹ̀. Nígbà tí Ramlat sọ pé Alhaji ti kú, ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga.

"Nuru? Mo ti ń rò pé kí ló dé tí n kò rí i." Ó fọwọ́ kan àpótí páálí kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Inú èyí ló máa ń tú. Kọ́mọ̀nù la ń pè wọ́n. Àwọn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Mo ní, 'Nuru, ra olókìkí kan, ó kéré tán.' Ó ní olókìkí ti ní ẹni tó ń rántí wọn."

"Wọ́n ní káàdì rẹ̀ lè ra ilé méjì."

Darlene rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dé ojú rẹ̀. "Kò lè ra ilẹ̀kùn ilé. Gbogbo èèyàn ló rò pé tí nǹkan bá ti gbó, ó ti di wúrà. Ta ló wà nínú àwòrán? Mélòó irú rẹ̀ ló ṣẹ́ kù láyé? Ṣé igun rẹ̀ ṣì mú, ṣé ojú rẹ̀ mọ́? Ohun tí à ń béèrè nìyẹn kí a tó béèrè ọjọ́ orí. Ti Nuru, ẹnì kan ò wá wọn, ohun pupa tó máa ń jẹ yẹn sì ti fi ìka sí ara gbogbo wọn."

Ramlat ronú sí i. Ẹni tó mọ káàdì ò ní jí àpótí yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e fún un. Ẹni tó jí i gbà gbọ́ pé ilé méjì ló gbé lábẹ́ apá. Ó mú rọ́bà kọ́rọ́dọ́ náà jáde.

Darlene tẹ̀ ẹ́ wò, ó fajú ro. "Èyí kì í ṣe tiwa. Àpò rọ́bà tiwa rọ̀, èèyàn lè yọ káàdì jáde nínú rẹ̀. Èyí, iná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tí káàdì bá wọ inú irú èyí, ó ti parí, kò ní jáde mọ́ láéláé. N kò rí alákàádì tó ṣe é rí. Ta ló máa ṣe irú nǹkan báyẹn?"

Ramlat mọ ẹni tó máa ṣe é. Ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ wà nílé, lámínéètì ni. Ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, lámínéètì. Àwòrán ìyá ìyá rẹ̀ tó ti gbó, wọ́n fi rọ́bà gbígbóná dì í ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mókọ́lá, ó sì ń dán títí di òní. Nílé wa, ìwé tí a bá fẹ́ràn, a kì í jẹ́ kó mí. Ká ní ọmọ ìkókó ṣe é ṣe lámínéètì ni, wọn ì bá ti ṣe gbogbo wa kí òtútù má baà mú wa.

Kì í ṣe alákàádì ló gbé àpótí. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó sì ti fi ìfẹ́ pa ohun tó jí.

"Ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Akínṣọlá?" ó bi Darlene. "Ó ní òun ló ni káàdì ní gbogbo Texas."

"Ọmọ mi, n kò gbọ́ orúkọ yẹn rí."

*

Lọ́jọ́ kejì, kí Aláásárì tó tó, gbogbo wọn tún pé sí pálọ̀. Òjò ò tíì dá. Ramlat ti bẹ Làdíátù kó jẹ́ kí Adnan wọlé, ọmọ náà sì dúró sẹ́bàá ògiri, aṣọ òtútù lọ́rùn, báàgì lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ramlat gbé àwo obì fún Akínṣọlá.

"Ẹ jẹ obì, Bọ̀dá."

"Èmi kẹ̀? Obì ò kan ètè mi rí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi gé ìdajì awẹ́ jẹ, kò sùn fún ọdún mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan iná àdúgbò."

Engineer Olúdọ̀tun rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ ni, ó sì fi ikọ́ bò ó.

"Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn alákàádì lánàá," Ramlat sọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. "Wọn ò mọ̀ yín, Bọ̀dá."

"Ta ni kò mọ̀ mí?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ní tí ẹ bá mọ káàdì lóòótọ́, ẹ máa ní Wendell Prugh. Wọ́n ní ẹ ò lè ní i. Wọ́n ní bóyá Alhaji nìkan ló ní i nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà nílùú yìí."

Iṣan kan fò níwájú orí Akínṣọlá. Ẹ bá a sọ pé kò jẹun láti ọdún tó kọjá, á rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a sọ pé nǹkan kan wà tí òun ò ní, ẹ ti fi iná sí i nínú.

"Prugh? Prugh tèmi? Ọwọ́ Prugh fúnra rẹ̀ ni mo ti gbà á. Abẹ́ igi la jókòó sí, ó ń sunkún, ó ní, 'Akínṣọlá, bá mi tọ́jú ara mi.' Ó wà nínú mọ́tò mi báyìí."

"Irọ́ ni, Bọ̀dá," Ramlat rọra sọ.

Ó jáde sínú òjò láìwọ bàtà. Ó padà wọlé, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó fi káàdì náà lé tábìlì bí ẹni tó fi adé lélẹ̀. Ó ń dán yinrin nínú rọ́bà líle. Ẹ̀kán omi wà lórí rẹ̀, kò sì wọ inú.

"Ẹ wò ó. Òjò ò lè pa á. Iná ò lè jó o. Ọjọ́ ìdájọ́ gan-an á bá a bẹ́ẹ̀."

Adnan gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ramlat yí káàdì náà padà. Ní igun ìsàlẹ̀, àmì àtàǹpàkò kan wà, ó pọ́n bí ìpẹ̀tà, gbogbo ìlà ìka náà sì hàn kedere.

"Ìka ta nìyí, sà?"

"Ìka mi ni."

"Obì ló pọ́n ọn."

Akínṣọlá gbé itọ́ mì. "Ìka Prugh ni mo ní lọ́kàn. Prugh máa ń jẹ obì."

"Ta ló ń bá a rà á bọ̀ láti Ìwó?"

Ramlat mú rọ́bà kọ́rọ́dọ́ náà jáde, ó gbé e sí igun káàdì kan, kò wọ̀. Ó gbé e sí èkejì, kò wọ̀. Ní ẹ̀kẹta, ó wọ̀ ṣẹ́kú, eyín kékeré tí sísọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ bọ́ sínú ihò rẹ̀.

"Abẹ́ àga tí ẹ jókòó sí lánàá ni mo ti rí i. Ara ìbọ̀sẹ̀ yín ló lẹ̀ mọ́, ẹ sì gbé e wá fún mi. Engineer náà jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n Engineer ò gbé Prugh wá sílé yìí. Ẹ rò pé ẹ̀rọ ló tẹ káàdì, pé gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, ẹnì kan ò ní mọ èyí tí ẹ jí. Bóyá à bá má mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ bá wa fi rọ́bà dì í, kí ìka Alhaji má baà parẹ́."

"Ramlat, àbúrò mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe."

"Engineer, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí búùtù wọn."

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lórí tábìlì níbi tí Akínṣọlá jù ú sí pẹ̀lú káàdì. Olúdọ̀tun mú un, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó fi àyà gbé àpótí Alhaji kí òjò má baà pa á, ó gbé e síwájú opó, ó ṣí i. Gbogbo káàdì náà ló wà níbẹ̀. Akínṣọlá ti dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dán bí ẹja tó kú sínú yìnyín. Làdíátù mú ọ̀kan, ó gbìyànjú láti fi èékánná já etí rẹ̀. Kò já. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ bo àmì pupa tó wà nínú rọ́bà náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mò ń bọ̀," Akínṣọlá sọ. "Fóònù mi ń dún níta."

Fóònù rẹ̀ wà lórí àga, kò sì dún.

Ó bẹ́ jáde. Wàhálà ni láti wá bàtà ẹni nínú òkìtì bàtà ilé ọ̀fọ̀, kò sì dúró wá a. Ó wo mọ́tò rẹ̀, ó rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán gba inú omi lọ, agbádá funfun rẹ̀ wú lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Ọkùnrin tó máa ń ní òun sáré ju ẹṣin lọ ní Kánò ń gba orí koríko iwájú ilé àwọn aládùúgbò, ó ń ṣubú, ó ń dìde.

Adnan ju báàgì sílẹ̀, ó ní kí òun lé e.

Làdíátù di apá rẹ̀ mú.

"Bọ́ aṣọ òtútù yẹn kúrò lára, ọmọ mi, kó o jókòó. Ta ló fẹ́ kí ìwọ náà kú fún mi?"

Ramlat dúró ní fèrèsé, ó ń wò ó títí tó fi di funfun kékeré kan nínú òjò. Ọkùnrin náà yà sí ojú ọ̀nà tó lọ sí freeway, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi kún eré rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé e.